Àwọn Tó Jókòó sí Àyè Wa Nínú Àwòrán

Yurlenis, ọmọ mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí, bí mo ṣe rí wọn tẹ̀léra: omi ti fà, ẹrẹ̀ hàn títí dé abẹ́ ilé Nasly aládùúgbò wa, ọkọ̀ ojú omi Nasly dojú dé, adìẹ kan dúró lé e lórí, aṣọ funfun tí wọ́n ta mọ́ ògiri ilé ìwé lọ́jọ́ ìpàdé ṣì wà níbẹ̀, òjò ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, àwọn ọmọdé mẹ́ta wà létí èbúté, ọ̀kan so okùn mọ́ èèpo àgbọn, ó ń fà á kiri bí ajá, ọ̀kan wọ kóòtù òjò bàbá rẹ̀ nínú oòrùn, ẹ̀kẹta kàn jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń wo odò bí ẹni tó sanwó kó tó wọlé. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n gé orin ẹnu wọn. Èyí tó kéré jù fọwọ́ bo ẹnu. Mo yíjú padà sílé pẹ̀lú garawa òfìfo.

Mo mọ̀ pé kíkí ló yẹ kó ṣáájú, má bínú, ọkàn mi ò sí nílẹ̀. Mo kí ọ, mo kí ìyá onílé tó ń jẹ́ kí o dáná lórí ààrò rẹ̀. Kí Màríà Wúńdíá tó ń ṣọ́ àwọn awakọ̀ odò ṣọ́ ìwọ náà nínú bọ́ọ̀sì ìlú Cali, kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ, kó jẹ́ kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú àánú wò ọ́, pàápàá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹlẹ́dẹ̀ wa ti bímọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti gbó, kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́ bí ìwọ ṣe máa ń jẹ ẹ́. Orúnkún ṣì ń dun ìyá àgbà rẹ, Màmá Clemira, àmọ́ ohùn wọn ò dín, wọ́n sì ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ò bínú sí ọ.

Nasly ní àmì búlúù méjì tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo fi fóònù rẹ̀ kọ sí ọ túmọ̀ sí pé o ti rí i, o kàn dákẹ́ ni. Mo ní bóyá o wà nílé ìwẹ̀. Ó ní Deyanira, láti ọjọ́ Àìkú? Mo tún gbìyànjú láti fi ohùn mi sínú fóònù náà, kí n fi tọrọ àforíjì, ohùn ò jáde. Bí o bá gbọ́ ibi tí ẹnì kan ti ń mí, tí àkùkọ wá kọ, èmi ni. Kì í ṣe àìsàn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ohùn tó ti lọ rẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ lẹ́tà, ọkọ Nasly ń lọ sí Buenaventura lọ́la, òun ni yóò bá mi fi ránṣẹ́.

O mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ọ̀gá rẹ, Dókítà Echeverri, gbé ẹ̀rọ wá láti fi àwòrán ilé orin àti ijó tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún abúlé wa hàn wá, ká lè nawọ́ sókè bí a bá fara mọ́ ọn. Nítorí pé gbogbo èèyàn ń pè wọ́n ní Dókítà, mo kọ́kọ́ ní kí Màmá Clemira fi orúnkún hàn wọ́n. Wọ́n fọwọ́ bà á, wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́ màmá, àwòrán ilé ni iṣẹ́ tàwọn. Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́.

Àwòrán jáde sára aṣọ. Ilé náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ oníjó lè dún. Igi àjà wà tí wọn yóò so marimba, ìlù onípákó wa, kọ́. Ìjókòó lọ bẹẹrẹ. Gbogbo èèyàn ń pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, èmi ń wo àwọn tó jókòó. Obìnrin kan tí irun rẹ̀ pọ́n bí àgbàdo di okùn ajá mú. Ọkùnrin kan wọ kóòtù tó nípọn. Ọmọge kan di kẹ̀kẹ́ mú, ní abúlé wa tí kò ní títì. Kò sí ẹni tó ń làágùn. Mo wá ojú kan tí mo mọ̀, mo wá a láti ìlà iwájú dé ẹ̀yìn, mi ò rí.

Jọ̀ọ́, gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹni tí wọ́n bá lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ìwé kan, òun ló ni ín. Fọ́tò mi wà lára káàdì ìdánimọ̀ mi, tìrẹ wà lára ìwé ẹ̀rí rẹ, ti Màmá Clemira wà lára káàdì owó arúgbó wọn. Mo wá rò pé àwọn àjèjì yìí ti gba fọ́ọ̀mù kó tó kàn wá, wọ́n ti fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n sì ti pín ìjókòó tán. Ajá pàápàá ti gba tiẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Nínú orin, ègbè ni tèmi. Àmọ́ mo bá ara mi lórí ìdúró, mo ní ẹ jọ̀ọ́ Dókítà, ta ló jókòó sí àyè wa yìí? Ohùn mi ń gbọ̀n, ó wá dà bí ìgbà tí ẹnì kan dá orin. Àwọn obìnrin sì ti mú guasá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ọparun wa, lọ́wọ́, wọ́n ń mì í jẹ́jẹ́, torí a fẹ́ kọrin lẹ́yìn ìpàdé. Kí n tó jókòó, Màmá Clemira ti gbè é pé a ò mọ̀ wọ́n rí o! Nasly fi tiẹ̀ kún un, ó ní ajá ríbi jókòó, èmi ò ríbi dúró, gbogbo ilé tún gbè é pé a ò mọ̀ wọ́n rí o! Bàbá Saturnino, pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí wọn, dìde sáàárín, wọ́n ń fa ajá tí kò sí níbẹ̀ kiri.

Dókítà kọ́kọ́ ń bá wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹnì kankan, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kó wọn sí, ẹni tó bá ń ya ilé á mú èyí tó wù ú, á fi síbẹ̀ kí ilé má dà bí ahoro. Wọ́n wá ní Yurlenis yín gan-an ló mú wọn, òun ló ya gbogbo àwòrán yìí, ìparí ìpàdé làwọn fẹ́ sọ ọ́ kí inú yín lè dùn.

Àwọn obìnrin gbé guasá sílẹ̀. Bàbá Saturnino ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní háà, ọmọ tí a wẹ̀ nínú odò yìí, ṣé ó ti gbàgbé ojú wa ni, àbí ojú wa ò dára tó? Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Dókítà ká wáyà wọn, wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wọn ò tọ́ ẹja tí a sè fún wọn wò. Mi ò lè wo ìkòkò ẹja náà. Ìwọ lo ya ilé fún wa, èmi ìyá rẹ ni mo dìde dójú tì ọ́ láàárín ìlú.

Báyìí, àwọn ọmọdé ti fi orúkọ rẹ sínú orin náà. Mo ṣe súìtì àgbọn, mo fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n jẹ súìtì tán, wọ́n fi orúkọ tèmi kún un.

Nígbà tí mo sunkún tán, mo rò ó pé bóyá kò sí àwa nínú kọ̀ǹpútà náà rárá. Bí a ò bá sí lórí àtẹ, báwo lo ṣe fẹ́ mú wa? Mo bá yá fóònù Nasly, mo ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń tọrọ àforíjì, mo ń ní kí wọ́n dúró kí n yà wọ́n, kí n fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ, kí o kó wọn síbi tí wọ́n ń kó èèyàn sí. Obìnrin kan ní òun ò ní wọnú ẹ̀rọ láìmọ ẹni tí yóò máa fún òun lóúnjẹ níbẹ̀. Màmá Clemira jókòó, wọ́n gbójú sókè bí ẹni tó ń gbọ́ orin. Bàbá Saturnino wọ bàtà ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, fóònù kọ̀, kò gbé wọn lọ, Nasly ní àwòrán wọn ló wúwo jù. Mo ní kí wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n bọ́ ọ, a tún yà wọ́n, ó lọ. Wọ́n ní kí o ṣáà sọ fún Dókítà pé àwọn ní bàtà o.

Bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún péésò ránṣẹ́. Dátà Nasly ni mo lò tán, ó sì ti ń wò mí ní ìwò kan. Bí díẹ̀ bá tún kù, fi wọkọ̀, kí o bá Dókítà wá lọ́jọ́ Àìkú. Bí wọ́n bá sì fẹ́ lé ọ lẹ́nu iṣẹ́, sọ fún wọn pé èmi ni kí wọ́n lé, èmi ni mo ṣẹ̀.

Èmi ò sí nínú fọ́tò kankan. Nasly fẹ́ yà mí, mo kọ̀. Bí ojú bá ṣì ń tì ọ́ nítorí mi, fi ìjókòó mi sílẹ̀ lófìfo. Bí o bá sì fún ẹlòmíràn, mi ò ní bi ẹnikẹ́ni pé ta ló jókòó síbẹ̀.

Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dúró lórí ilẹ̀ wa, kí ìkún omi má gbé e, kí ìwọ àti àwọn ọmọ tí o máa bí jó nínú rẹ̀ títí pákó yóò fi dán.

Ìyá rẹ,
Deyanira

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti kọ ìlà yìí kún un. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo sùn sí, mo fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ fún ọ, bí o bá bá Dókítà wá. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni mo tó dùbúlẹ̀.