Ohùn Yín Nínú Ihò Àpáta Kilkenny

Bàbá mi, Àlejò mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí Àǹtí Bọ́lá tó fẹjọ́ mi sùn yín nínú àdúrà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi. Ẹ mọ̀ pé àbúrò yín ti wá ń bá wa gbé ní Balbriggan, ní Ireland níbí, láti ìgbà ìsìnkú yín. Wọ́n ní mo sọ òkú di eré ọmọdé. Mi ò bẹ̀bẹ̀, mi ò sì ní bẹ̀bẹ̀.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ti ibi iṣẹ́ yín ní Finglas dé? Kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò ní fi ṣílẹ̀kùn. Ẹ ó dúró síta, ẹ ó wúkọ́, ẹ ó wá pariwo: "Ìyá Rédíò, àlejò dé o!" Mọ́mì á dáhùn láti kíṣìnnì: "Àlejò, ẹ máa wọlé, oúnjẹ ń tutù." Lójoojúmọ́. Àwọn ará ilé kejì, Òyìnbó pọ́nńbélé, ti há a sórí. Èmi ni Rédíò náà, torí kò sẹ́ni tí mi ò lè sín jẹ. Ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ yẹn, lọ́jọ́ tí mo fi ohùn yín pe Mọ́mì, tí wọ́n sì bu oúnjẹ yín sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ni Àǹtí ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ohùn yín sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní bí òkú bá peni, a kì í dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn á bá a lọ ni. Mọ́mì ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n Bàbá mi, fóònù yín já bọ́ sínú omi lọ́sẹ̀ tí a sin yín, gbogbo ohùn yín tó wà nínú ẹ̀ bá a lọ. Ọ̀fun mi nìkan ló kù. Bí mo bá pa á mọ́ fún ọdún kan, níbo ni mo ti máa tún un rí? Inú ilé ìwẹ̀ ni mo ti máa ń gbìyànjú ẹ̀, kí ariwo omi lè bò ó. Lọ́sẹ̀ kan báyìí, mo wá ẹ̀rín yín tì. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù, kì í ṣe òkú.

Ní Sátidé tó kọjá, ìjọ wa háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Kilkenny. Ilé olódi àwọn olówó àtijọ́ la kọ́kọ́ wọ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan ló ń mú wa káàkiri lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé abẹ́ àwòrán bàbá arúgbó kan tí imú ẹ̀ dà bí ẹnu kẹ́tùrù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn bàbá náà sọ̀rọ̀, láti inú imú: ta ló gbé tíì òun, ta ló jókòó sórí àga òun? Gbogbo ìjọ ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí Bọ́lá pàtẹ́wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, wọ́n ní kó tún un ṣe.

Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹni yẹn ò tíì kú ni?"

"Pa ẹnu ẹ dé jàre. Ìtàn nìyẹn."

Mo gbé ìtàn náà mì.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ihò àpáta. Àǹtí ń pe Jésù lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ pátápátá, onírùngbọ̀n ní òun máa pa iná ká lè rí ohun tó ń jẹ́ òkùnkùn, ká di ara wa lọ́wọ́ mú. Ó pa á. Bàbá mi, mo gbé ọwọ́ síwájú imú mi, mi ò rí i. Omi ń kán níbì kan. Gbogbo èèyàn dákẹ́, títí kan Àǹtí. Ọ̀fun mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń pète nǹkan. Mo ti fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé wa fún gbogbo kíláàsì nísinmi rí, wọ́n sì lé mi sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí yàtọ̀, mi ò pète ẹ̀. Mo wúkọ́. Mo ní:

"Ìyá Rédíò, àlejò dé o!"

Ihò náà gbà á, ó gbé e kiri, ó jẹ́ kó tóbi bí ẹ ṣe tóbi. Láti ẹ̀gbẹ́ mi, láìronú rárá, Mọ́mì dáhùn:

"Àlejò, ẹ máa wọlé, oúnjẹ ń tutù."

Iná tàn. Mọ́mì ti fọwọ́ bo ẹnu. Àǹtí figbe ta: "Yéè! Ìyàwó wa ti dáhùn!" Onírùngbọ̀n ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀, ó ní ohùn mi grand, pé ó dára gan-an, ṣé mo fẹ́ bá òun ṣiṣẹ́? Ojú tí Àǹtí fi wò ó ló mú un dákẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, Àǹtí ní kí n kúnlẹ̀, kí n búra. Mo kúnlẹ̀ níwájú Mọ́mì. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dẹ́rù bà yín."

"Ó kù," ni Àǹtí wí. "Sọ pé o ò ní fi ohùn ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé."

"Mi ò ní sọ ọ́, mà."

"O ní kí ni?"

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún òkú olówó lónìí, Àǹtí. Ẹ tún ní kó tún un ṣe. Bàbá tèmi ńkọ́?"

"Olóríkunkun! Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí! Ká délé ná, ìyá ẹ ló máa dájọ́ ẹ."

Awakọ̀ pariwo pé kí n jókòó. Mo jókòó. Mo kúnlẹ̀ nítorí ẹ̀rù tí mo dá bà Mọ́mì, mi ò kúnlẹ̀ nítorí ohùn.

Nígbà tí a délé, Mọ́mì wọ kíṣìnnì, wọ́n ṣí press, kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó ife sí, wọ́n ń wo ife tíì yín tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí ìdájọ́. Àǹtí wà lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni," Mọ́mì wí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì kí ni, mà?"

"Ikọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá ẹ máa ń wú u kí wọ́n tó pè mí. Ìwọ wú u lẹ́ẹ̀kan."

"Ìyàwó wa!" Àǹtí pariwo.

Mọ́mì ò wẹ̀yìn. "Bọ́ síta. Lọ tún un ṣe."

Mo bọ́ síta nínú òjò wínníwínní. Ìyá ilé kejì ń yọjú láti ojú fèrèsé. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe Mọ́mì débi pé ajá àdúgbò gbó. Mo gbọ́ tí Mọ́mì fa imú nínú ilé. Lẹ́yìn náà ni ìdáhùn wọn jáde láti kíṣìnnì. Ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó pé.

Bàbá mi, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni? Báwo ni mi ò ṣe mọ̀? Àǹtí ti ń gbààwẹ̀ báyìí nítorí wa. Kí wọ́n máa gbà á. Èmi ni mò ń jẹ oúnjẹ wọn.

Èmi tí mo fẹ́ràn yín jù,
Rédíò yín, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí bọ́tìnì tí wọ́n máa fi pa á.