Jouni, Má Tíì Wá Gbé Ọkọ̀ Náà

Kuukkelivaara,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Jouni ọmọ mi, akọ́bí mi tí kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kó tó bínú,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí Saija ìyàwó rẹ náà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yọ̀ lórí yìnyín ìgboro Helsinki, kí iná má kú nínú ààrò yín. Ara tèmi le koko. Màlúù kan ṣoṣo tó kù ń fún wa ní wàrà, òrùlé ilé ìwẹ̀ olóoru ń jò díẹ̀ ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ ò dín kù, ajá ti bímọ, àbúrò bàbá rẹ sì tún ti jókòó lórí awò ojú ara rẹ̀. Bí ilé ṣe rí nìyẹn. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Láti Ọjọ́rú lo ti ń bínú, o ní o máa gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá ní Sátidé wá kó ọkọ̀ rẹ lọ. Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé nìyí, torí bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù wàá pariwo, ìwé kì í pariwo.

Ìwọ lo gbé ọkọ̀ pupa pẹlẹbẹ tí o fi ń sáré yẹn wálé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, o tì í mọ́ inú ilé màlúù, o ní kí n kàn máa tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà kú. Mo gbọ́ ọ yé. Nǹkan tó bá lè kú, ṣé a máa ń tì í mọ́lé ni? Kò sí ẹṣin kan tí bàbá mi ní tó dúró sójú kan láti ìgbà òtútù títí yìnyín fi yọ́. Mo bá ní kí wọ́n fi tááyà oníṣòó tó ń di yìnyín mú sí i, mo mú un jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe máa ń tẹ ọkọ̀ wàrà láyé ọjọ́un, ó bú ramúramù, ó sì fi ìdí ṣe orí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní òun ò tíì rí opó tó jó báyẹn rí. Láti ìgbà náà, mo ti mọ ìwà rẹ̀. Mo máa ń bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn nìkan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Ọkọ̀ náà mọ̀ mí báyìí.

Urho tó ń wa katakata tí wọ́n fi ń gbá yìnyín lójú ọ̀nà ló kọ́kọ́ fi mí ṣẹ̀sín. Ó yọrí látòkè, ó ní Mama Jouni, ṣé ọkọ̀ lẹ gùn yìí àbí bàtà tí òmìrán kan gbàgbé sójú títì? Ó ní yìnyín kékeré báyìí, ikùn rẹ̀ á ti kanlẹ̀. Mo ní Urho, mo ti ń wa ọkọ̀ gba orí òkè yìí kí ìyá rẹ tó mọ bàbá rẹ lójú, máa gbá ọ̀nà rẹ lọ.

Ọmọbìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn tí mi ò rí ojú rẹ̀ rí, ẹni tí ẹ gbà síbi iṣẹ́ ní Helsinki láti máa ṣọ́ mi, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n mi ò rò pé wọ́n ń jẹ́ kó sinmi. Tí a bá ti rìn jìnnà, á ní ó ti rẹ̀ mí, á sì gbé àwòrán ife kọfí síwájú mi. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, kọfí ló ń wù ú tí ojú ń tì í láti tọrọ. Mo dúró nílé epo, mo ra tèmi, mo ra tirẹ̀, mo gbé e sínú ihò ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò mu ún títí ó fi tutù. Bóyá ìwọ lo ní kó má gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Ìyẹn ò dára o, Jouni.

Ṣé o rántí Kerttu tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó máa ń fún ọ ní wàràkàṣì nígbà tí o wà ní kékeré? Kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn ìlú kí ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Takisí tó ń gbé e tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí gúúsù, èyí tí wọ́n ń rán wá báyìí, bí ìjì bá ti jà, kì í wá. Èmi ni mo ń gbé e lọ. Mi ò sọ fún ọ torí mo mọ ohun tí o máa sọ.

Lọ́jọ́ Ajé, yìnyín bo gbogbo ọ̀nà, a ò lè jáde rárá. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ẹsẹ̀ Kerttu ti wú bí ìrọ̀rí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Urho ló ń gbá ọ̀nà níwájú, àwa ń tẹ̀ lé e. Ibi tí a ti fẹ́ gun òkè, la bá bá ọkọ̀ agbégi kan tó ti yọ̀ dábùú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe, ṣùgbọ́n eṣinṣin ò lè kọjá. Urho sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀ mọ́. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n là sórí adágún tó ti dì ló kù, òun ò sì lè gbé katakata débẹ̀, ó ti wúwo jù. Ó ní ṣùgbọ́n ìjì ti gbá orí omi dídì yẹn mọ́ bíi tábìlì, Mama Jouni, ọkọ̀ pẹlẹbẹ yín yìí ló tọ́ sí i, afẹ́fẹ́ ò ní rí ibi dì í mú. Mo wo Kerttu. Ó ní Tyyne, aṣọ tó dára jù lára aṣọ mi ni mo wọ̀ yìí, mi ò lè wọ̀ ọ́ lásán.

A bá bọ́ sórí adágún. O mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, a tú bélíìtì, a ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí a lè tètè jáde bí omi dídì bá fọ́, ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà la ń wò. Bí a ṣe tú bélíìtì ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, tín-ín, tín-ín, tín-ín. Ẹ̀rù omi ń bà á. Mo fọwọ́ pa á lórí, mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ti kọjá níbí rí. Ọmọbìnrin yẹn ní kí n yí padà, mo ní o ṣeun ọmọ mi, máa gbàdúrà. Ìgbà yẹn ni ohùn rẹ dún láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ pé Ìyá, fóònù mi ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn mí, kí lẹ ń wá láàárín adágún! Kerttu ti dijú tó ń gbàdúrà, ló bá gbọ̀n, ó ní Olúwa, ilé ìwòsàn ni mò ń lọ o, mi ò tíì ṣe tán. Mo wá ibi tí mo lè tẹ̀ láti dá ọ lóhùn. Mo tẹ ọ̀kan, ìnugíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo tẹ òmíràn, ìjókòó gbóná mọ́ wa nídìí. Mo tẹ ẹ̀kẹta, o dákẹ́. Mi ò já fóònù mọ́ ọ lójú, jọ̀wọ́.

Kí n sì sọ òótọ́, ó dára bí o ṣe dákẹ́, torí omi dídì ń han lábẹ́ wa, òkìtì yìnyín kan sì ti dí ọ̀nà níwájú. Imú ọkọ̀ wọnú rẹ̀, ikùn rẹ̀ kanlẹ̀, tááyà ń yí lásán. Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀, Jouni. Kerttu di ọwọ́ mi mú. Mi ò tẹ̀ ẹ́ gidi, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ gidi ni yóò sùn síbẹ̀. Mo fà á sẹ́yìn nínú ipa ara rẹ̀, mo rọra sún un síwájú, mo tún fà á, mo tún sún un, títí òkìtì fi là, ó sì ré kọjá bí ọ̀bẹ nínú bọ́tà. Mo kígbe. Kerttu náà kígbe. Àwọn nọ́ọ̀sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Dókítà ní tó bá jẹ́ pé ọjọ́ kejì la dé ni, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ara Kerttu ti yá dáadáa, ó sì ti ń bú nọ́ọ̀sì pé tíì wọn tutù.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́. Ìṣó ti yọ lára tááyà iwájú, ọkọ̀ náà sì ń mu epo bí ọmọ màlúù ṣe ń mu wàrà. Má fi sí báńkì orí fóònù o. Wọ́n ní kí n fi ojú mi han fóònù kí báńkì lè mọ̀ mí, mo fi hàn án, ó ní òun ò mọ̀ mí, èmi náà sọ fún un pé mi ò mọ̀ ọ́n rí. Fi sínú àpòòwé. Mo hun ìbọ̀sẹ̀ ọ̀nà méjì, mo fi wọ́n sínú ẹrù tó bá ìwé yìí wá, ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan ti ọmọbìnrin inú ọkọ̀, bá mi fún un.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọmọ tí yóò máa bínú sí ọ torí pé ó fẹ́ràn rẹ. Máa bọ̀ ní Sátidé, ṣùgbọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, bàtà òtútù ni kó o mú wá. Ní Ọjọ́ Ajé, ìwọ lo máa wà á. Kerttu ló ni ìjókòó iwájú, èmi á ká ara mi sẹ́yìn, màá sì máa sọ fún ọ ibi tó yẹ kó o ti rọra.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Tyyne.