Èèkù Ìbọn Bàbá Mi

                                                  Via dei Tigli 14,
                                                  Gardone Val Trompia.
                                                  Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹrin, Ọdún 2024.

Fulvia, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ancona lọ́hùn-ún? Orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé ọ gun àtẹ̀gùn? Renzo ọkọ rẹ ńkọ́, àti ìyá rẹ tí kò fẹ́ kí n máa pe òun ní arúgbó? Ara tèmi le, àfi èjìká ọ̀tún tó ń dùn mí díẹ̀; wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Bàbá náà wà, ó ń jẹun, ó sì ń bá rédíò jà láràárọ̀. Má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ìbọn ló gbà mí lọ́wọ́, ìwọ tí o sì ti yìnbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún ọdún mẹ́sàn-án mọ bó ṣe máa ń rí.

Bàbá ti fi ikọ̀ ìyìnbọn ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ láti oṣù kọkànlá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni; ó kàn gbé ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ ọlọ́ta mẹ́fà tí agolo rẹ̀ ń yí yẹn sórí tábìlì mi, ó ní kí n lọ gba ipò òun láàárín àwọn mẹ́rin tó ń ṣojú ẹgbẹ́ wa nínú ìdíje oṣù Karùn-ún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi di ipò yẹn mú. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń tẹ̀lé mi lọ síbi ìyìnbọn. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, á de kóòtù rẹ̀ dé ọrùn, kò sì ní sọ nǹkan kan. Ṣebí o mọ̀ ọ́n.

Ojú ìbọn ni mo kọ́kọ́ bá jà. Ojú tèmi kì í ṣe ti ọmọ ogún ọdún mọ́, ojú iwájú, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó nàró lẹ́nu ìbọn yẹn, sì ti ń ṣú mọ́ mi lójú. Mo ra irú èyí tó ní kiní aláwọ̀ ewé tó ń tàn lórí. Ó wù mí ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí oòrùn bọ́ sí i, ó tàn bí ojú ológbò, mi ò sì rí etí irin náà mọ́. Mo yọ ọ́ sọnù, mo fi dúdú pẹlẹbẹ sí i, èyí tó fẹ̀ díẹ̀ ju ti Bàbá lọ, mo sì ń fi èéfín àbẹ́là kùn ún kí n tó yìn, bí àwọn àgbà ṣe kọ́ wa. Ìgbà yẹn ni mo wá rí ìmọ́lẹ̀ tó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì nínú àlàfo ojú ẹ̀yìn, irin tí à ń gbà wo ti iwájú. Mo ní ó ti bùṣe.

Kò bùṣe. Ọta mi ń lọ sósì. Mo yí ìṣó ojú ẹ̀yìn sọ́tùn-ún, ó dára fún ìgbà díẹ̀, ó tún padà sósì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yí ìṣó, títí kò fi yí mọ́. Ní ìdánwò àkọ́kọ́, ọjọ́ kẹfà oṣù yìí, mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mo gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Gualtiero, ọmọ ẹ̀gbọ́n alága ẹgbẹ́ wa, gba méjìdínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n ní ìdánwò kejì, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ni yóò sọ ẹni tó máa gba ipò Bàbá. Gualtiero ti lọ wọn ẹ̀wù ikọ̀ lọ́dọ̀ télọ̀.

Oreste, olórí ikọ̀ wa, pè mí sẹ́yìn. Ó yẹ ìbọn wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ó ní kí n dijú, kí n gbé e sókè, kí n wá lajú. Irin iwájú ti lọ fara ti ẹ̀gbẹ́ òsì àlàfo. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é, bákan náà ló rí. Ó tún fi hàn mí pé ṣóńṣó ìka mi lásán ló dé ibi tí à ń fà. Ṣe ni mò ń ti ìbọn sósì.

"Nives," ó ní, "ojú ìbọn kọ́ ló ṣẹ̀. Ọwọ́ Faustino bàbá rẹ ló ṣì wà nínú èèkù yìí. Ibo ni tìẹ fẹ́ gbà wọlé?"

Ká sòótọ́, mo ti mọ̀ láti ìgbà òtútù. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi igi àsálà gbẹ́ èèkù yẹn fún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, o sì mọ ọwọ́ rẹ̀: ife kọfí á wọ inú rẹ̀, a ò ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ yọ ọ́? Ẹni tí kò lè gbé ṣíbí ọbẹ̀ dẹ́nu kó má dà mọ́, ṣé èmi ni kí n sọ fún un pé igi tó gbẹ́ náà kò wúlò mọ́? Inú bí mi sí Oreste, mo ní kó lọ wo ìbọn tirẹ̀. Wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Èmi tí ọwọ́ mi ò tẹ èèkù rárá, ipò baba mi ni mò ń bèèrè.

Ní Wẹ́sídeè, Bàbá lọ gẹrun. Mo mú súkúdíráfà, mo tú èèkù náà. Nínú igi, níbi tí ojú kò dé, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́: 7, 1991. Mo jókòó. Ọdún tó ṣáájú kí wọ́n tó mú un sínú ikọ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tí gbogbo àfonífojì yìí ń sọ pé tìbọntìbọn ni wọ́n bí i, èèkù méje ló gbẹ́ kí ọ̀kan tó bá a lọ́wọ́ mu! Mo fi aṣọ wé e, mo kó o sábẹ́ àwọn ìbọ̀sẹ̀ mi.

Mo lọ bẹ Oreste, ó fún mi ní èèkù tín-ínrín kan láti inú àpótí àlòkù rẹ̀. Mo fi pọ́tì àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, tó máa ń rọ̀ bí amọ̀ kó tó gbẹ, lẹ̀ ẹ́, mo fi òróró pa ọwọ́, mo fún un dáadáa kó lè gba àmì ọwọ́ mi. Orí àga ni mo jókòó sí, mo fi ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì. Ó gbẹ, mo dìde, ọrùn ọwọ́ mi wọ́. Ta ló ń jókòó yìnbọn, Fulvia? Mo ha gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo dúró, mo na apá títí èjìká fi fẹ́ já. Ìrora tí mo wí nìyẹn. Mo fi sáńpépà gbo ó, mo dá ojú ẹ̀yìn padà sí àárín. Bí mo bá dijú gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló ń bọ́ sí àárín gbùngbùn. Ó burẹ́wà ṣáá, bíi búrẹ́dì tí ajá jẹ kù.

Sátidé tó kọjá, kí a tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá dìde lórí bẹ́ǹṣì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti oṣù kọkànlá. Ó na ọwọ́. Mo ṣí agolo, mo fi hàn án pé ó ṣófo, mo gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Ó dijú, ó gbé e sókè, ọwọ́ ń gbọ̀n. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó wo pọ́tì mi.

"Ó kéré fún mi," ó ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, mo ní kó má bínú, mo ní tirẹ̀ wà nílé, mi ò sọ ọ́ nù. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Kí ló dé tó o pẹ́ tó báyìí? Mo ti rò pé o ò ní yọ ọ́ láéláé."

Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni mo gbà. Gualtiero gba mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ó sì wá bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ọmọlúàbí, ó ní òun á lọ sọ fún télọ̀ kó má rán an mọ́.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó yọ súkúdíráfà kékeré kan. Oreste rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní láti oṣù kọkànlá ni kiní yẹn ti wà nínú àpò Bàbá, pé gbogbo Sátidé ló ń fi han òun lẹ́yìn mi. Mo bi Bàbá léèrè ibi tí èèkù mẹ́fà àkọ́kọ́ wà. Ó ní wọ́n fi dáná se polénta, ọkà àgbàdo tí ìyá mi máa ń rò. Ó wá tú èèkù mi fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìṣó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ò ràn án lọ́wọ́. Ó gba pẹ́ńsù tí Oreste fi ń kọ máàkì, ó sì kọ ọ́ sínú igi: 1, 2024.

Bá mi kí Renzo, kí o sì bá mi kí ìyá rẹ, ọ̀dọ́bìnrin. Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀ ni ìdíje. Bí orúnkún bá gbà, wá. Bàbá kò ní bá ọ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n yóò sún fún ọ lórí bẹ́ǹṣì. Èmi ti ra igi àsálà fún èèkù kejì.

                                                  Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí pọ́tì ò tíì tán léèékánná rẹ̀,
                                                  Nives.