Òkúta Tó Dí Ẹnu Ọ̀nà Mi

Ọjọ́ Sátidé, oṣù kẹfà, 1981

Mo parí ọ̀nà olókùúta láti etí títì dé ẹnu ọ̀nà wa lónìí. Òkúta mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. N kò ra sìmẹ́ńtì, iyanrìn ni mo tẹ́ sábẹ́ wọn. Orí òkè, ní ahoro ilé wa àtijọ́, ni mo ti kó wọn, nítorí ọ̀fẹ́ ni.

Màmá mi, tó wá ń bá wa wẹ̀ fún ọmọ tuntun, tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé èyí tó kẹ́yìn, tó fẹ̀ jù. Màmá dúró níwájú rẹ̀.

“Níbo lo ti gbé èyí?”

Mo ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa lókè ni.

“Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀ fún gbogbo ọmọ ilé náà. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti wẹ̀ fún bàbá rẹ.”

“Ṣé kí n hú u, Màmá?”

“Ta ló ní kí o hú u?”

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọjá nígbà náà.”

“Kí n wá fi bàtà tẹ̀ ẹ́?”

Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín nínú ilé. Ó ní bóyá ilé ni kí n gbé kúrò níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Màmá gbé àpótí sórí òkúta náà, wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ ọmọ lé e. Kò sí ibi tí ènìyàn lè gbà wọlé mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n sì ń wẹ̀ fún un.

Mo wọn ọ̀nà náà. Bí mo bá fi òkúta mẹ́ta yí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́, ara ògiri ni yóò já sí. Bí mo bá sì hú u… n kò mọ̀. Mo tún bi Màmá léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe gan-an.

Wọ́n ní kí n bu omi gbígbóná wá.