Agolo Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Tábìlì

Ìyá Oníwọ̀n, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ tuntun ń lọ, ṣé yàrá tí o gbà ti mọ́ ọ lára? Bí o bá béèrè wa, a wà, a ò sì ṣàìsàn. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì sinmi. Mo kí ọ, mo tún ọ kí.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́, torí bàbá rẹ kì í tètè bẹ ẹnikẹ́ni. Láti oṣù mẹ́ta tí o ti kó lọ, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí n kò ráhùn nípa rẹ nínú ilé yìí pé o ba ìbọn atẹ́gùn mi jẹ́.

Ohun tí mo rò pé o ò mọ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ayìnbọn wa ti kúrò nínú gbọ̀ngàn, tí a ń yìnbọn ní pápá gbalasa lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ bíríkì, ọta mi ò ba àmì mọ́. Àárín ni mò ń wò, etí bébà ni ọta ń lọ. Mo gbà lọ́kàn mi pé ojú mi ló ti ń lọ. N kò sọ fún ìyá rẹ. Mo kọ̀wé sí akọ̀wé ẹgbẹ́ pé bí n kò bá wọ inú àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ìdíje oṣù yìí, kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ó dùn mí wọra.

Mo ṣì rántí ọ̀sán tí o tú ìbọn náà palẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ mi. O fi ìwọ̀n kékeré rẹ wọn ọta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí o ti ń ṣe láti kékeré tí mo fi sọ ọ́ ní Ìyá Oníwọ̀n. O yin mẹ́wàá kọjá níwájú ẹ̀rọ tó ń ka eré wọn, o kọ ọ́ sílẹ̀, o yí síkúrù tó ń mú sípíríǹgì òòlù inú ìbọn le, o tún yin mẹ́wàá. Nígbà tó yá, bó ti wù kí o yí i tó, eré ọta ò lé sí i mọ́. Mo rò pé wàá fi í síbẹ̀. Ìwọ yí i padà sẹ́yìn díẹ̀, o fi ọ̀dà èékánná pupa ṣàmì sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti rẹ ọmọ yìí.

Lọ́jọ́ tí ò ń lọ, o ní, "Bàámi, ọta yín wà lórí tábìlì o." Mo wo ohun tí wọ́n kọ sára agolo tó wà níbẹ̀, ọta tó wúwo ni! Èmi tí mo ti sọ fún gbogbo ayé pé ọta fífúyẹ́ ló ń sáré. Mo pòṣé, mo fi agolo ti ẹsẹ̀ tábìlì tó kúrú.

Mo wá ki ọta fífúyẹ́ mi bọ ìbọn, mo gbé e lọ sí pápá. Háà! Ó dún gbàù. Ọta fọ́n ká sára bébà bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Atẹ́gùn tí mo fi ń yin ogójì ọta tẹ́lẹ̀ kò tó ogún mọ́. Akọ̀wé ní, "Bàbá, ṣé ẹ wá yìnbọn ni, àbí ẹ wá fọ́ òkúta?" Ìbínú ni mo bá délé.

Nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, mo mú síkúrùdíráfà, mo fẹ́ ha ọ̀dà pupa rẹ kúrò kí n dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ìyá rẹ ń gbálẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Bàbá Oníwọ̀n, agolo ọta lẹ fi ń gbé tábìlì dúró? Ẹ ò kúkú fi igi tì í bí ọmọlúàbí!" Ó fà á yọ, tábìlì fì, síkúrùdíráfà já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìdérí agolo sì ṣí. Mo rí ìwé pélébé kan nínú rẹ̀, ìkọ̀wé rẹ ni:

"Bàámi, ojú yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró lẹ́yìn yín ní pápá tí mo wò ó. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ọta yín lọ torí pé ó fúyẹ́. Èyí wúwo, kò ní tètè gbọ́ ti afẹ́fẹ́. Mo ti jẹ́ kí òòlù túbọ̀ máa lù kíkan, kí atẹ́gùn lè rí i tì dáadáa. Ẹ má fi ọta fífúyẹ́ sí i o, yóò ya wèrè. Ẹ má bínú pé mi ò sọ ọ́ lójú yín, ẹ̀ bá kọ̀ ni."

Òótọ́ ni, ǹ bá kọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Ìyá rẹ rò pé tábìlì ló já lu ẹsẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ ìdíje, afẹ́fẹ́ fẹ́ débi pé fìlà akọ̀wé sá lọ mọ́ ọn lórí. Ọta àwọn ẹgbẹ́ mi ń yà kiri. Tèmi, èyí tí mo fi gbé tábìlì dúró fún oṣù mẹ́ta, ń lọ tààrà. Ipò kẹta ni mo ṣe. Akọ̀wé fa ìwé tí mo kọ ya lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n bi mí pé ta ló bá mi tún ìbọn ṣe, mo ní ọ̀gá mi ni.

Ọmọ mi, èmi ni mo kọ́ ọ bí a ti ń di síkúrùdíráfà mú. Ṣùgbọ́n fífi kún un nìkan ni mo mọ̀. Ìwọ lo mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tìrẹ tó pẹpẹ, ó sì wọ kèrègbè. Orí mi wú. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Kí ó fi àwọn tó máa gbọ́ tìrẹ yí ọ ká, kí wọ́n má ṣe olóríkunkun bíi tèmi. Ọmọ tí ìwọ náà bá bí yóò mọ̀ ọ́n ṣe jù ọ́ lọ, inú rẹ yóò sì dùn láti sọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, ọmọṣẹ́ rẹ tuntun.

Àfikún: Má ṣe ìyọnu nípa tábìlì, kò mì mọ́. Agolo ọta fífúyẹ́ mi ni mo fi sábẹ́ ẹ̀.