Mo Kọ́kọ́ Kí Bàbá Ná

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le koko.

Faransé ti ń mọ́ mi lẹ́nu. Níbi tí a ti ń kọ́lé, bí nǹkan bá fẹ́ já bọ́ látòkè, “Attention!” ni wọ́n máa ń ké, pé kí èèyàn ṣọ́ra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, pákó kan yẹ̀ lókè, bàbá káfíńtà tó jù yín lọ lọ́jọ́ orí sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ bí ẹ ṣe tọ́ mi. Ṣé mo lè ṣàdédé jágbe mọ́ àgbàlagbà? Mo ní “Bonjour, papa” ná. Kí n tó dé orí “Attention,” pákó ti ń bọ̀, ni mo bá fọwọ́ ọ̀tún ti bàbá kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Nǹkankan ò ṣe bàbá o! Àwọn ló ń bá mi gé búrẹ́dì báyìí, tí wọ́n tún ń bá mi so okùn bàtà, ojú sì ń tì mí. Ọ̀gá ti fi mí sẹ́nu géètì, kí n máa ké “Attention!” láìkí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi àti gbogbo ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi kọ̀wé sí yín. Kì í ṣe pé mo rí yín fín.