Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Fi Ayùn Rẹ́ Sí Mẹ́rin

Bàbá mi, ọ̀gá agbẹ́gi,

Mo ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin, mi ò sì gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni mọ́. Pásítọ̀ ti sọ tiẹ̀. Àbúrò mi wá láti Mushin, ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní Ọlọ́run kọ́ ló ni ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn yín ni mò ń wí, èyí tí ẹ gbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Surulere lẹ́yìn tí ẹ fẹ̀yìn tì ní rélùwéè. Apá mẹ́rin ló ní. Ojú ìyá mi wà lókè, ọkọ̀ ojú irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹja wà nísàlẹ̀, apá kan ṣófo. Ṣé ẹ rántí èyí tó ṣófo yẹn? Ẹ yọ mí kúrò níléèwé ní kíláàsì kejì kí n lè máa gbé àbúrò mi pọ̀n. Mò ń sunkún, ẹ ní kí n dákẹ́, pé lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́lé, ojú mi ni ẹ óò gbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ti ìyá mi ni ẹ kọ́kọ́ gbẹ́. Ikú ò jẹ́ kí ó kan tèmi. Síbẹ̀ mò ń fi òróró pa ilẹ̀kùn náà láràárọ̀ bí ẹ ti máa ń ṣe, àfi súfèé yín ni mi ò mọ̀ ọ́n sú.

Ayálégbé kan wà ní yàrá iwájú, Tísà là ń pè é, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán yíyà ní Yaba. Mo lọ sìnkú ní Ọ̀yọ́. Kí n tó dé, òun àti àwọn ọmọ tó ń kọ́ ti yọ ilẹ̀kùn, wọ́n ti fi ayùn rẹ́ ẹ sí mẹ́rin, wọ́n kun mẹ́ta ní ọ̀dà fàdákà, wọ́n lọ pàtẹ rẹ̀ níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Iganmu. Ó ra ilẹ̀kùn irin dípò rẹ̀, ó rò pé oore ló ṣe mí. Apá tó ṣófo nìkan ló dá padà. Ó ní kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Mo lọ sí Iganmu. Mo rí ìyá mi tó ń dán bíi bọ́ńpà mọ́tò. Òyìnbó kan ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò pariwo. Mo bi Tísà pé kí ni wọ́n ń pe irú èyí. Fútúrísíìmù, ló wí. Inú rẹ̀ mà dùn pé mo béèrè! Ó ní àwọn ọ̀dọ́ Ítálì kan ló dá a sílẹ̀, wọn ò fẹ́ ohun àtijọ́, mọ́tò tó ń sáré dára lójú wọn ju ère lọ, bí àwọn gan-an bá sì ti pé ogójì ọdún, kí àwọn ọ̀dọ́ wá kó wọn dànù. Nígbà wo nìyẹn? Kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó jà, ló wí. Bàbá mi, nǹkan tuntun rẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí!

"Ìwọ ńkọ́, Tísà, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mọ́kàndínlógójì, Màmá."

Mo dákẹ́. Ẹ mọ bí mo ṣe ń dákẹ́. Mò ń kí i, mò ń bu ọbẹ̀ fún un. Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé, èmi ni mo dín ẹran. Àwọn ọmọ rẹ̀ kún yàrá. Wọ́n jẹun tán, mo dìde.

"Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀gá yín pé ogójì lónìí. Kí ló kọ́ yín pé kí ẹ ṣe?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ gbóná o!" Wọ́n pè é ní eré. Àwọn fúnra wọn ló gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti àwọn àwòrán rẹ̀ síta, wọ́n gbé òun náà lé e, wọ́n ń kọrin. Mo ti ilẹ̀kùn irin rẹ̀ mọ́ ọn, mo fi àgádágodo sí i.

Òjò dé. Ó kúnlẹ̀ níta. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wò mí!" Ó fojú àánú wo ìyá mi bí? Mo jókòó lójú fèrèsé, mo jẹ ẹran tó kù. Ó dùn.

Ó ti kó lọ sí Ìpọ̀nrí. Mi ò dárí jì í. Ṣé ìyá mi wà lọ́dọ̀ yín? Ṣé ọ̀dà ti kúrò lójú rẹ̀?

Ẹ má rò pé mo gbàgbé tiyín. Tísà ti gba tiẹ̀, ó ku ẹ̀yin. Igi tó ṣófo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, òróró ò gbẹ lára rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín ju ilé lọ.

Gbèsè ojú mi ni ẹ jẹ mí. Ẹ wá gbẹ́ ẹ.